Ẹ̀rọ Tí Kò Gba Orúkọ Mi

                                        Ilé ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀,
                                        Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, òkè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Gbẹ́nàgbẹ́nà tí àga rẹ̀ kò dúró déédéé rí,

Ṣé dáadáa lo jí? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń fara dà ọ́, àbí ó ti rí ọ̀nà gbà sá? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ tí o máa ń ka orúkọ wọn mọ́ra wọn? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tó máa ń dún bí ìlẹ̀kùn tí o kàn? Ọkàn rẹ tí dókítà ní kí o máa gbé jẹ́jẹ́ bí ẹyin, ṣé ó ṣì ń lù bó ṣe yẹ? Mo fi ti ọkàn náà kẹ́yìn nítorí pé òun gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Má fòyà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú ni, mi ò bá ti wá fúnra mi, kí n lè tètè rí ibi tó dáa jókòó sí.

Àwa náà wà bí a ṣe wà. Ọmọ mi kí ọ. Ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo wà nínú kíláàsì rẹ̀, tí mo sì ń fìdí rẹmi. Eyín mi tó kù nísàlẹ̀ ti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò bá ti fi fóònù sọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n o ti ta kú pé o kò ní í gbé fóònù sétí, o ní ó ń kùn bí eṣinṣin. Nítorí náà, wá awò ojú rẹ, kí o sì jókòó. Má jókòó lórí àga tí o kàn fúnra rẹ.

O mọ ọkọ ọmọ mi, ọmọkùnrin gíga ọlọ́rùn gígùn yẹn, tó máa ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Mo ti sọ ọ́ ní Kò-Sí-Wàhálà, orúkọ náà sì ti bá a lára mu ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá kó wá bá a, ó gbà. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ní kí ó bá òun gbé àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ òun tó ti bàjẹ́ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ní kò sí wàhálà. Ọdún ti yípo, a ṣì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára ẹ̀rọ ìránṣọ kí a tó dé ilé ìwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó bá òun mójú tó ajá. Kò sí wàhálà. Ajá náà bímọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi náà ní mo fẹ́ wá kí wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà. Ìwọ náà mọ ìgbà tí mo dé ibí, irun ṣì wà lórí mi nígbà yẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ètò tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú rẹ ṣú. Màá ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ gẹ́gẹ́ bí òun ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, màá kàn yọ gbogbo ibi tí kò ti yé òun náà kúrò.

Iléeṣẹ́ wọn ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tẹ lébẹ̀lì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn. Aláìsàn á dé iwájú kántà, á tẹ orúkọ ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Apòògùn á yan ìwọ̀n tí aláìsàn yóò máa lò, á tẹ bọ́tìnnì, lébẹ̀lì á sì jáde, orúkọ lókè, ìwọ̀n oògùn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ náà kò gbọ́ èdè ara wọn. Ètò kan ló dúró láàárín, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, tó ń gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Dráífà ni wọ́n ń pe ètò náà. Àna mi ló kọ ọ́.

Dráífà yìí ní àwọn àyè kéékèèké nínú ìrántí ẹ̀rọ, níbi tó ń kó ọ̀rọ̀ sí kí ó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí lébẹ̀lì. Búfà ni orúkọ irú àyè bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká fi kọ́bọ́ọ̀dù ṣe àpẹẹrẹ kí ó lè yé ọ. Dúrọ́ọ̀ kan wà fún orúkọ aláìsàn, dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wà fún ìwọ̀n oògùn. Kò sí pákó kankan láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹrù tí o kì sínú ti òkè bá ti pọ̀ jù, á já bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀, á sì bo ohun tó bá níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí èyí yé ọ ju gbogbo ayé lọ, nítorí irú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ gan-an lo kàn fún ìyàwó mi nígbà ayé rẹ̀, tó fi jẹ́ pé títí ó fi kú, inú aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ ló ti ń bá ìbọ̀sẹ̀ mi.

Dráífà tó bá lọ́gbọ́n lórí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn gígùn ọ̀rọ̀ kí ó tó kó o sínú dúrọ́ọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àna mi kì í ṣe òmùgọ̀, ó ní kí dráífà rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìgbà tó ń wọ̀n ọ́n ni ọ̀rọ̀ wà, màá dé ibẹ̀.

Wọ́n ní òfin kan ní ọ́fíìsì wọn. Ètò tí ẹnì kan bá kọ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, àfi bí ẹlòmíràn bá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí i. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n oníirùngbọ̀n kan wà tí àga rẹ̀ kọjú sí ti àna mi, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ó máa ń fi òróró pa irùngbọ̀n náà bí ẹni ń pa bàtà. Bí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kí ó tó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Mo ti rí i." Ó rí i lóòótọ́, bí èmi àti ìwọ ṣe ń rí òṣùpá. Bí tirẹ̀ náà bá dé ọ̀dọ̀ àna mi, kò sí wàhálà. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń buwọ́ lu òkùnkùn ara wọn, tí iléeṣẹ́ sì ń tẹ̀ síwájú. Mo-Ti-Rí-I ni mo ń pe ọkùnrin náà. O mọ̀ pé n kì í fi orúkọ du ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ọ̀gá ẹ̀ka wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá àgbà ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọjọ́ tí ọsibítù bá gba ẹ̀rọ lébẹ̀lì, àna mi ni yóò bọ́ sórí àga náà. Ọmọ mi ti ń wo ilé tó ní yàrá kan sí i, kí wọ́n lè rí ibi kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ sí, tàbí èmi. Ọsibítù wo ló sì fẹ́ gba ẹ̀rọ náà? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ni, níbi tí ìwọ ti ń gba oògùn ọkàn rẹ olómi lóṣooṣù. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ìdajì ṣíbí oògùn yẹn ló ń mú ọ rìn káàkiri tí o fi ń ba igi olówó jẹ́. Ṣíbí mẹ́wàá rẹ̀ yóò mú ọ dúró, o kò sì ní í rìn mọ́ láéláé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí apòògùn àgbà ọsibítù náà fẹ́ wá wo ẹ̀rọ, mo wọ bàtà mi, mo ní mo fẹ́ bá àna mi lọ sí ọ́fíìsì.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo ní mo fẹ́ lọ wo ibi tí èèyàn ti ń fi ìdí ṣiṣẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó gbé síméńtì lọ. Ọmọ mi wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà.

Gíláàsì ni gbogbo ògiri yàrá tí wọ́n mú wa wọ̀, bí ẹni pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Tábìlì funfun gígùn kan wà níbẹ̀, wáyà wà lábẹ́ rẹ̀ bí ìfun, ẹ̀rọ kékeré náà sì jókòó sí àárín bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi han àlejò. Ọ̀gá àgbà wọn wà níbẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ohun tó fẹ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín, kí a lè múra sílẹ̀. Mo-Ti-Rí-I náà wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán. Apòògùn àgbà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tún jẹ́ ẹni tí yóò dán an wò níṣojú òun. Ó wo yíká, ojú rẹ̀ bà lé mi ní ìkangun tábìlì. "Bàbá yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ lè bá wa ṣe aláìsàn díẹ̀?"

Mo ní, "Màdáámù, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọ. Ẹ kàn sọ irú àìsàn tí ẹ fẹ́ ni."

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gba kọ̀ǹpútà ọmọ mi ṣe géèmù, ìka méjèèjì ti yá bíi ti olè. Mo tẹ "Baba Yẹ̀yẹ́". Apòògùn yan "Ìdajì ṣíbí láàárọ̀", ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àna mi ṣàlàyé pé orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná díẹ̀ kí ó tó lè tẹ̀wé. Ó kùn, ó kùn, bí ìyàwó tó ń múra òde. Èmi sì wo orúkọ mi lójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ó wà níhòòhò. Ta ló ní kí ọwọ́ mi dúró? Mo bá ń bá orúkọ mi lọ.

Lébẹ̀lì jáde. Apòògùn gbé awò sójú, ó sì kà á sókè láìrẹ́rìn-ín. Ní ìlà òkè: "Baba Yẹ̀yẹ́, Ọkọ Arẹwà, Àna Kò-Sí-Wàhálà, Ẹni". Ní ìlà ìsàlẹ̀, níbi tó yẹ kí ìdajì ṣíbí wà: "Tí Dókítà Wò Tó Sá".

Ó ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe máa lo eléyìí? Ṣé kí ẹ tó jẹun ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní, "Bàbá wa yìí mà fẹ́ràn eré o!"

Mo-Ti-Rí-I bọ́ síwájú kíá. "Ẹ̀rọ kò ní àbùkù kankan, mà. Bàbá ló fọwọ́ kàn án nígbà tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ti rí gbogbo ètò náà."

Mo ní, "O ti rí i, ọmọ mi? Àwọ̀ wo ló ní?"

Irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ló mì.

Apòògùn fi lébẹ̀lì náà sórí tábìlì, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ẹ gbọ́, sà. Ní kántà tèmi, arúgbó ń bẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ ọwọ́ ń bẹ tí ìyá rẹ̀ gbé ka orí bọ́tìnnì. Gbogbo wọn ló máa ń fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ohun tó bá wọ ibi orúkọ lè dé ibi ìwọ̀n oògùn?"

Ọ̀gá àgbà kọjú sí àna mi. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lóhùn rẹ̀. "Ìwọ lo kọ ọ́. Sọ fún màdáámù pé kò sí wàhálà."

Àwa tí a wà níbẹ̀ ń dúró de ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ti ń sọ láti ìgbà tó ti já ọmú. Àga ọ̀gá ẹ̀ka wà ní òdìkejì ọ̀rọ̀ náà. Ilé oníyàrá kan sí i wà níbẹ̀. Èmi tí mo sọ ọ́ lórúkọ, mo mọ̀ dájú pé yóò jẹ́ orúkọ náà. Mo ro ti ìwọ àti ìgò rẹ. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí màá sọ nípa rẹ níbi ìsìnkú, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí, nítorí mi ò rí nǹkan dáadáa kankan tí mo lè sọ.

Àna mi ní, "Ẹ dìde díẹ̀, Bàbá."

Ó jókòó sí ibi tí mo ti dìde. Ó tẹ orúkọ kúkúrú kan, ó yan ìdajì ṣíbí láàárọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kùn, ó ń fi kún orúkọ náà, jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lébẹ̀lì jáde. Kò fi han ọ̀gá rẹ̀. Ó ya á, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún apòògùn. Èmi náà na ọrùn, mo rí i. Orúkọ èèyàn lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ṣíbí mẹ́wàá láàárọ̀". Ìlà rẹ̀ tọ́, kò sí àṣìkọ kankan, kò sí ohun tó lè pani lẹ́rìn-ín. Ó dà bíi lébẹ̀lì tí nọ́ọ̀sì yóò lẹ̀ mọ́ ìgò láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àna mi ní, "Wàhálà wà, mà. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ má gbé e lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá kò rẹ́rìn-ín, o sì mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó rẹ. Apòògùn ká lébẹ̀lì náà sínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Nígbà tí wàhálà bá tán, ẹ pè mí." Ó sì jáde. Mo-Ti-Rí-I di ẹni tó ń wo irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú gíláàsì ògiri.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, mo ní kí àna mi ṣàlàyé fún mi. Ó ní dráífà òun wọn orúkọ lóòótọ́ ní kété tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, ó sì rí i pé orúkọ náà kúrú, pé dúrọ́ọ̀ yóò gbà á. Ṣùgbọ́n kò mú un. Ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ó lọ dúró de ẹ̀rọ kí ó gbóná. Nígbà tí ẹ̀rọ gbóná tán, ó padà síbẹ̀, ó sì kó gbogbo ohun tó bá láìtún wọ̀n ọ́n, nítorí pé ó ní òun ṣáà ti wọ̀n ọ́n. Kò mọ̀ pé arúgbó kan ti débẹ̀ kí òun tó padà.

Mo bú sẹ́rìn-ín lójú títì. Ṣé o rántí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí o kàn fún mi? O wá wọn ẹnu ọ̀nà ilé mi. Lẹ́yìn tí o lọ tán, àwọn bíríkìlà wá rẹ́ ògiri rẹ̀, ẹnu ọ̀nà sì fún. O wá fi ọmọlanke gbé kọ́bọ́ọ̀dù dé, o ta kú pé ó gbọ́dọ̀ wọlé, pé ìwọ ti wọ̀n ọ́n. Ìta ni kọ́bọ́ọ̀dù náà wà títí adìyẹ aládùúgbò fi sọ ọ́ di ilé. Gbogbo ìwé tí àna mi kà, ibi tí o ti ṣubú láìkàwé ló lọ ṣubú sí. Mo sọ ìtàn náà fún un, kí ó lè mọ̀ pé òun kò dá wà.

Àga ọ̀gá ẹ̀ka lọ. Ọ̀gá àgbà ní ẹni tí yóò jẹ́ olórí kò gbọdọ̀ máa tú àṣírí ilé níwájú àlejò. Ṣé kí n sọ ẹni tí wọ́n gbé e fún? Mo-Ti-Rí-I ni. Wọ́n ní ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó ní in lóòótọ́. Ẹni tí kì í wo ibi tó ń lọ, kí ni yóò bà á lẹ́rù?

Nígbà tí àna mi sọ ọ́ fún ọmọ mi, ọmọ mi gbé ṣíbí ìdáná kalẹ̀. Ó ní, "Ṣé o sọ ọ́ lójú gbogbo wọn?" Ọkọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi bu ẹran kún oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Ẹran mi ni.

Àna mi wá tún dráífà náà kọ. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, dráífà á da gbogbo orúkọ náà kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ìkọ̀kọ̀ ara rẹ̀, kò sì ní í padà sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́. Bí ó bá ń dà á kọ, á dúró níbi tí àyè rẹ̀ bá pin, kò ní í fi ìka kan kọjá etí rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni yóò wọ̀n, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn ṣì ń fọwọ́ kàn. Bí orúkọ bá ju dúrọ́ọ̀ lọ, á dá gbogbo rẹ̀ padà, kò ní í gé e láàbọ̀, kò sì ní í tẹ lébẹ̀lì kankan. Mo-Ti-Rí-I ti kọ "mo ti rí i" sí i kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ tán, ṣùgbọ́n àna mi kò gbà. Ó gbé e lọ fún obìnrin kan ní ẹ̀ka mìíràn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ òun. Ó ní ẹni tí kò fẹ́ràn òun ló máa kà á dáadáa. Obìnrin náà kà á tinútinú, ó sì fi ayọ̀ dá a padà. Ó ní bí orúkọ gígùn bá kọ́kọ́ lo dúrọ́ọ̀, tí orúkọ kúkúrú wá tẹ̀ lé e, ìrù ti ìṣáájú yóò ṣì wà níbẹ̀, a ó sì fi aláìsàn méjì ṣe èèyàn kan. Àna mi wá ń nu dúrọ́ọ̀ mọ́ tónítóní kí ó tó kó nǹkan tuntun sí i. Òun náà ń kí obìnrin yẹn báyìí. Obìnrin náà kò tíì máa dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, apòògùn padà wá. Ó ní òun kò fẹ́ aláìsàn mìíràn, èmi ni òun fẹ́. Mo ti múra sílẹ̀. Mo tẹ orúkọ kúkúrú, a tẹ bọ́tìnnì, mo fi orúkọ lé orúkọ bí ẹni ń ju òkò. Lébẹ̀lì jáde: "Baba Yẹ̀yẹ́. Ìdajì ṣíbí láàárọ̀". Mo wá kọ́kọ́ tẹ orúkọ mi látòkè délẹ̀, pẹ̀lú Arẹwà, pẹ̀lú dókítà tó sá, mo fi àwọn mìíràn tí o kò tíì gbọ́ kún un, kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kò kùn rárá. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló kọ ọ́ jáde: "Orúkọ yìí gùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ." Mo tún un kọ, mo fi kún un. Orúkọ yìí gùn jù. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka gbá a lórí. Orúkọ yìí gùn jù. Apòògùn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n dì í fún òun.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Nígbà tí a délé, mo ro ó pé ọkàn ọmọ náà ti fúyẹ́, mo ní kí ó bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá sí pálọ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n lè máa wo àwọn tó ń kọjá kí n sì máa sọ wọ́n lórúkọ. Mo ti ń ká aṣọ ìbora mi lọ́wọ́, torí mo mọ ohun tó máa sọ.

Ó ní, "Rárá, Bàbá."

Ọmọ mi yọjú láti ilé ìdáná. Ajá dìde.

Ó ní, "Pálọ̀ kò gba bẹ́ẹ̀dì yín, sà. Mo ti wọ̀n ọ́n." Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì gbọ̀n. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aránṣọ, mo gbọ́ ọ láti òkè bó ṣe ń sọ fún un pé kí ó wá kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Mo wọ yàrá mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí ni mo ti ń wá ẹnì kan tí yóò lè kọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n má sọ fún un. Yẹ̀yẹ́ tí mo máa ń fi í ṣe ti tán báyìí. Mi ò tíì rí orúkọ mìíràn tó bá a mu.

Ẹ̀rọ náà ti wà ní kántà ọsibítù rẹ báyìí. Bí wọ́n bá ní kí o tẹ orúkọ rẹ, tẹ̀ ẹ́ bí ọmọlúàbí, má fi ti bàbá bàbá rẹ kún un. Ìdajì ṣíbí ni oògùn rẹ. Bí lébẹ̀lì bá sọ ohun mìíràn, má gbé e sẹ́nu, pariwo títí apòògùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn yóò fi jáde sí ọ. Mi ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn tí mo lè bú báyìí tí kò ní í bínú, àwọn tó kù ti kú tán.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un pé mo ní ó kú ìfaradà. Kí àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí o bá rántí orúkọ wọn. Ọmọ mi ní kí o máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Àna mi ní òun ń kí ọ, sà, ó sì béèrè bóyá o fẹ́ ọmọ ajá. Mo ti bá ọ dá a lóhùn. Mo ní kò sí wàhálà.

Mo ti fẹ́ fi gbogbo orúkọ mi parí ìwé yìí bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n mo wo ìsàlẹ̀ bébà, mo rí àyè tó kù.

                                        Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣeé sọ nù,

                                        Yẹ̀yẹ́.